Ìwọ̀n Ni Ọtí Ń Fẹ́

Ọ̀rọ̀ tí a gbé kalẹ̀ fún ìjíròrò lónìí ni ọtí mímu: ǹjẹ́ ènìyàn lè gbádùn ọtí láìpa ara rẹ̀ lára?

Ní Bẹyẹrúnká tí wọ́n gbé bí mi, bàbá mi a máa mu ẹmu. Bí oòrùn bá ti rọ̀, tí adẹ́mu sì ti gbé akèǹgbè dé, bàbá yóò jẹ iyán tán, yóò sì jókòó ti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nídìí ọpọ́n ayò. Ẹni tí ó gbé ẹmu wá ni yóò kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ahá kan ṣoṣo ni wọn yóò máa gbé yípo. Bàbá kì í gba ìkẹta. Bí wọ́n bá rọ̀ ọ́, yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní, "Ẹmu ni mo wá mu, n kò wá kí ẹmu ó mu mí."

Ẹ jẹ́ kí a wo ọgbọ́n inú àṣà yìí. Oúnjẹ ti wà nínú kí ọtí tó dé ibẹ̀, ọtí kì í sì í tètè wọ ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó ti yó. Ahá tí ń yípo a máa mú kí olúkúlùkù dúró de ẹnì kejì rẹ̀. Àwọn baba wa kò ṣàìmọ ewu ibẹ̀. Ìtàn ìwáṣẹ̀ sọ pé ẹmu ni Ọbàtálá mu yó tí ó fi sùn lọ, tí Odùduwà fi gba iṣẹ́ dídá ilé ayé mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí ẹmu fi jẹ́ èèwọ̀ fún àwọn olùsìn rẹ̀. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Nísinsìnyí, tequila ti dé òde ìnáwó wa. Ilẹ̀ Mẹ́síkò ni wọ́n ti ń ṣe é, láti ara irúgbìn agave tí ń lo ọdún púpọ̀ kí ó tó gbó. Àwọn tí wọ́n mọ iyì rẹ̀ a máa tọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ wa ń dà á sí ọ̀fun lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹmu lè ní ọtí bí 5 nínú 100. Tequila a máa ní tó 40. Ẹni tí ó bá fi ahá ẹmu wọn tequila ti ṣi ìwọ̀n lò.

Níbi ìnáwó òkú bàbá mi gan-an, ọ̀rẹ́ mi kan mu irú ọtí líle bẹ́ẹ̀. Ó ní ó tó. Èmi ni mo rọ̀ ọ́ pé kí ó mu ife kan sí i. Ó wa ọkọ̀ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti òkè Mápó, kò sì délé.

Nítorí náà, n kò ní tàn yín jẹ. Ní 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n ọtí tí kò léwu fún ara rárá. Ìwọ̀n ń dín ewu kù ni, kì í pa á rẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí ìlera bẹ̀rẹ̀ sí í mutí. Àwọn Mùsùlùmí tí ń jáde láti mọ́ṣáláṣí Ọjà'ba, tí wọn kì í fi ẹnu kàn án, kò pàdánù ohunkóhun. Aboyún àti awakọ̀ kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́ àwọn ọmọ wa láti lè sọ pé, "Ó tó." Ẹ sì kọ́ àwa olùgbàlejò láti gbọ́ ọ.