Ọkọ, Owó, àti Ẹni Tí Ń Báni Dé Ọsibítù



Lọ́dún 2013, àwọn dókítà kan ní Boston, tí Ayal Aizer ṣaájú wọn, gbé ìwádìí kan jáde nínú Journal of Clinical Oncology. Wọ́n yẹ àkọsílẹ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà tó lé ní 730,000 wò, àwọn tí dókítà rí jẹjẹrẹ lára wọn láàárín ọdún 2004 sí 2008. Jẹjẹrẹ ọmú wà lára oríṣi mẹ́wàá tí wọ́n gbé yẹ̀ wò. Wọ́n rí i pé ewu kí jẹjẹrẹ pa ẹni tó lọ́kọ tàbí tó láya fi ìdá 20 nínú 100 kéré sí ti ẹni tí kò ní. Àrùn kì í sábà tíì tàn káàkiri ara irú ẹni bẹ́ẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ dókítà, ó sì máa ń rí ìtọ́jú tó péye gbà ju ẹnì kejì lọ. Wọ́n wá fi ọ̀rọ̀ kan kún un tí àwọn oníwèé ìròyìn gbé sáré: pé nínú jẹjẹrẹ ọmú àti oríṣi mẹ́rin mìíràn, èrè tí wọ́n rí lára ìgbéyàwó pọ̀ ju èyí tí àwọn ìwádìí ti kọ sílẹ̀ fún kẹ́mò.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbí, torí mo mọ ohun tí àwọn kan nínú wa máa fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe. Pásítọ̀ kan á gbé e lọ sórí àga ìwàásù. Ìyá kan á fi han ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ti pé ọdún 35 tí kò tíì mú ẹnikẹ́ni wálé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó ní kí obìnrin pa kẹ́mò tì kó lọ wá ọkọ. A ò lè pín ọkọ bí a ṣe ń pín oògùn nínú ìwádìí, ká fún ìdajì àwọn obìnrin, ká má fún ìdajì. Ẹni tó rí ọkọ fẹ́ lè ti lówó lọ́wọ́ ju ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ tẹ́lẹ̀, ara rẹ̀ sì lè ti le jù ú lọ kí àìsàn kankan tó dé. Àkọsílẹ̀ ìjọba Amẹ́ríkà tí wọ́n lò, èyí tí wọ́n ń pè ní SEER, kì í béèrè bóyá ọkọ náà ń sùn sílé. Ipò tí obìnrin wà lọ́jọ́ tí wọ́n rí àrùn náà nìkan ló mọ̀. Tí ọkọ bá kó ẹrù rẹ̀ jáde lóṣù kejì, onítọ̀hún ṣì jẹ́ abilékọ nínú ìwé.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tuntun. Lọ́dún 1858, William Farr, oníṣirò ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ìṣirò ikú àwọn ará Faransé, ó sì rí i pé àwọn tó wà nínú ìgbéyàwó kì í kú tó àwọn àpọ́n, àti pé àwọn opó ni ikú ń mú jù. Lọ́dún 1987, James Goodwin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ àkọsílẹ̀ jẹjẹrẹ 27,779 wò ní ìpínlẹ̀ New Mexico, ohun kan náà ni wọ́n bá pàdé. Pé nǹkan rí bẹ́ẹ̀ ti yé wa tipẹ́. Ohun tó fà á gan-an la ṣì ń jiyàn lé lórí.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ìtọ́jú jẹjẹrẹ ọmú ń gbà lọ́wọ́ ènìyàn. Àrùn náà sábà máa ń kọ́kọ́ dé pẹ̀lú kókó kan tí kì í dunni, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń fojú fò ó. Wọ́n á gé díẹ̀ nínú kókó náà fún àyẹ̀wò, aláìsàn á máa retí èsì. Iṣẹ́ abẹ lè tẹ̀ lé e, nígbà mìíràn gígé ọmú pátápátá. Kẹ́mò sábà máa ń jẹ́ ìgbà mẹ́rin sí mẹ́jọ, ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta síra wọn, wọ́n sì ní láti yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí wọ́n tó fa ọ̀kọ̀ọ̀kan sí i lára. Èébì ń bẹ ńbẹ̀, irun á sì re. Tó bá kan ìtọ́jú onítànṣán, ojoojúmọ́ ni, láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí márùn-ún. Ẹni tí kókó tirẹ̀ ń jẹ lára omi ìsúnniṣe obìnrin á tún máa lo tamoxifen lójoojúmọ́ fún ọdún márùn-ún, ó kéré tán. Ta ló máa gbé onítọ̀hún lọ, tó máa gbé e bọ̀? Ta ló máa dáná? Ta ló máa jókòó sídìí ìsọ̀ rẹ̀ kí àwọn oníbàárà má bàa sá lọ?

Níbẹ̀ ni mo ti rò pé ọkọ wúlò, tó bá wúlò. Ó ń rí ohun tí obìnrin ń fi pamọ́, ó sì ń yọ ọ́ lẹ́nu títí á fi lọ fi han dókítà. Ní Amẹ́ríkà, ó tún kù síbì kan: ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń jẹ àǹfààní adójútòfò ìlera láti ibi iṣẹ́ ọkọ wọn. Scarlett Lin Gomez àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní California fẹ́ mọ̀ bóyá gbogbo ọ̀rọ̀ náà ò ju owó lọ. Nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2016, lórí aláìsàn tó tó 780,000, ikú àwọn obìnrin tí kò lọ́kọ fi ìdá 19 nínú 100 ju ti àwọn tó lọ́kọ lọ. Ti àwọn ọkùnrin fi ìdá 27 jù. Nígbà tí wọ́n ṣírò adójútòfò àti ọrọ̀ àdúgbò mọ́ ọn, díẹ̀ ló yọ kúrò níbẹ̀. Àwọn aláwọ̀ funfun sì ni àǹfààní náà pọ̀ fún jù. Oògùn wo ló ń mọ àwọ̀ ara yàtọ̀? Ìgbéyàwó kì í ṣe nǹkan kan náà lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn, ohun tí mo gbà pé ìṣirò náà ń sọ nìyẹn.

Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ gbọ́ pé àwa ni ìgbéyàwó ń ṣe láàánú jù. Kò yà mí lẹ́nu. Ẹ lọ sí wọ́ọ̀dù èyíkéyìí, ẹ wo ẹni tó jókòó ti aláìsàn.

Ìdàkejì rẹ̀ wà nínú ìwádìí tí Michael Glantz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde lọ́dún 2009. Wọ́n tẹ̀lé aláìsàn 515 tó wà nínú ìgbéyàwó, tí àìsàn wọn le: jẹjẹrẹ tàbí àrùn iṣan ọpọlọ. Nígbà tó jẹ́ pé obìnrin ló ń ṣàìsàn, ìdá 20.8 nínú 100 ìgbéyàwó wọn ló tú. Nígbà tó jẹ́ ọkùnrin, ìdá 2.9 péré ni. Ó tọ́ kí n fi kún un pé ní Denmark, níbi tí wọ́n ti fi àkọsílẹ̀ gbogbo orílẹ̀-èdè ṣèwádìí, jẹjẹrẹ ọmú kò sọ ìkọ̀sílẹ̀ di púpọ̀. Ìlú kì í jọ ìlú.

Ìwádìí tí mo fẹ́ràn jù ni ti Candyce Kroenke, lọ́dún 2006, lórí àwọn nọ́ọ̀sì Amẹ́ríkà 2,835 tí wọ́n ní jẹjẹrẹ ọmú. Ewu kí jẹjẹrẹ ọmú pa àwọn tó dá wà ju ìlọ́po méjì ti àwọn tó ní alájọṣe púpọ̀ lọ. Àwọn tí kò ní ìbátan tó sún mọ́ wọn, àwọn tí kò lọ́rẹ̀ẹ́, àwọn tí kò ní ọmọ láàyè, ewu tiwọn pọ̀. Àmọ́ ṣíṣe ẹgbẹ́ ìlú tàbí ti ìjọ kò yí nǹkan padà. A lè jókòó láàárín igba ènìyàn ní ṣọ́ọ̀ṣì kí ẹnikẹ́ni má mọ̀ pé ọmú ń dun wá.

Ó wá kan ilé wa. Ìwádìí ABC-DO, tí Valerie McCormack àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde lọ́dún 2020, tẹ̀lé àwọn obìnrin tó lé ní 2,000 ní àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà bíi Nàìjíríà, Uganda, Zambia àti Namibia. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, 36 nínú 100 àwọn obìnrin Nàìjíríà ló ṣì wà láàyè. Láàárín àwọn obìnrin Namibia tó jẹ́ aláwọ̀ funfun, 90 nínú 100 ni. Pípẹ́ kí wọ́n tó dé ọsibítù àti àìrí ìtọ́jú gbà tán wà lára ohun tó fà á. Èwo ni ti ọkọ níbẹ̀? Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn obìnrin tó ń gba wọ́ọ̀dù jẹjẹrẹ wa kọjá ló ti wọlé ọkọ rí. Ká kọ "abilékọ" sórí káàdì wọn kò sọ nǹkan púpọ̀ fún wa. Abilékọ ni ìyàwó kẹta tó ń dá bọ́ ọmọ mẹ́rin. Abilékọ ni ẹni tí ọkọ rẹ̀ wà ní Èkó tí òun wà ní Ṣakí. Abilékọ náà sì ni ẹni tó gbà kí wọ́n gé ọmú òun, tí àwọn mọ̀lẹ́bí ọkọ ní kó ṣì ní sùúrù, kó lọ gbààwẹ̀ ná, títí kókó náà fi di egbò. Nílé irú wọn, ọkọ lè jẹ́ ara ohun tó ń fa ìdádúró. Lójú tèmi, opó tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti gbọ́njú, tí àbúrò rẹ̀ ń gbé ládùúgbò, lè ní àtìlẹ́yìn ju ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ.

Owó kọ́ là ń fojú kéré o. Òfin ọdún 2022 ti sọ adójútòfò ìlera di dandan ní Nàìjíríà, síbẹ̀ àpò aláìsàn àti ti ẹbí rẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú owó ìtọ́jú ṣì ti ń jáde. Ẹni tó bá ní ẹ̀gbọ́n mẹ́ta tó lè dáwó jọ á parí kẹ́mò tí abilékọ olówó kan lè máà parí, tí ọkọ rẹ̀ bá dá ọwọ́ rẹ̀ dúró.

Ohun tí mo ń bẹ̀ ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá iṣẹ́ ìwádìí ṣe kò pọ̀. Ẹ fi àpótí ìgbéyàwó sílẹ̀ lórí fọ́ọ̀mù, ṣùgbọ́n ẹ kọ ìbéèrè mẹ́ta sábẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ta ló mọ̀ pé ẹ wá síbí lónìí? Ta ló ń bá yín san owó? Ta ló máa tẹ̀lé yín wá nígbà míì? Ẹ gba nọ́ḿbà fóònù ẹni kẹta yẹn, ẹni tó máa tẹ̀lé wọn wá. Tí aláìsàn bá pa ọjọ́ kẹ́mò jẹ, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ pè. Tí kò bá sí ẹni kẹta, ẹ̀yin ìyálọ́jà, ibẹ̀ ni mo ti nílò yín: ẹ máa ń yan ẹni tí ń gba owó àjọ kiri ìsọ̀, ẹ lè yan ẹni tí á máa bá aláìsàn dé ọsibítù. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ká wá ka àwọn tó parí ìtọ́jú wọn, ká wò ó bóyá ọkọ ni wọ́n ní tàbí ẹnì kẹta.

Mo ṣetán láti gba ìbéèrè.