Ajá Ẹnu Géètì

Ajá tí a so mọ́ géètì ní í bá wa ṣọ́lé. Kí ni a ń fún un jẹ? Egungun adìẹ sísè lè gún un nífun. Ìrẹsì pẹ̀lú ẹja tí a ti yọ egungun rẹ̀ sàn jù.

Ẹ tú u sílẹ̀ nírọ̀lẹ́, ẹ bá a ṣeré. Àwa náà ń ju bọ́ọ̀lù fún tiwa. Àwọn ọmọ ń fi wá rẹ́rìn-ín! Bí ó bá ká ìrù sábẹ́, ẹ̀rù ń bà á. Ẹ má fọwọ́ kàn án.

Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi ńkọ́? Ọdọọdún ni. Bí ajá bá gé ènìyàn jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì sáré lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an. Bí àrùn náà bá ti fara hàn, oògùn kì í ràn án mọ́.