Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébáyọ̀ Adédèjì àti Ẹnubodè Wa

Ẹ kú àjọyọ̀ ọdún mẹ́wàá, ẹ̀yin ọmọ Olódò Ọbà.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Gánà pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò níwèé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn àgbà á rántí bí àwọn èèyàn wa, ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ẹjìgbò, Ọ̀fà, ṣe fi ilé àti ìsọ̀ sílẹ̀ wálé.

Nígbà náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébáyọ̀ Adédèjì, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tó kàwé dé Harvard, ń kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀. Ohun tó ń wò ni bí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe lè da ọjà wọn pọ̀. Orílẹ̀-èdè mẹ́fà ní Yúróòpù ti fọwọ́ sí tiwọn ní Róòmù ní 1957, Faransé àti Jámánì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jagun tán sì wà nínú wọn! Ní 1970, Adédèjì kọ èrò tirẹ̀ jáde fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Ọdún kejì ni Gowon fi í ṣe kọmíṣọ́nnà. Ọ̀nà tó gbà ni mo fẹ́ràn. Kò dúró dìgbà tí gbogbo wọn bá gbà. Nàìjíríà àti Tógò kọ́kọ́ bára wọn mulẹ̀ ní 1972. Ní 1973, òun àtàwọn aṣojú Tógò wá ń lọ láti ìlú dé ìlú, orílẹ̀-èdè méjìlá, àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì àtàwọn tó ń sọ Faransé. Ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún 1975, orílẹ̀-èdè 15 fọwọ́ sí ìwé ECOWAS l'Ékòó. Ní 1979 ni wọ́n fi kún un pé ọmọ ẹgbẹ́ lè wọ ilẹ̀ ara wọn fún 90 ọjọ́ láìgba físà.

Àwa náà sì lé àwọn ará Gánà ní 1983. Ghana Must Go là ń pe báàgì wọn títí dòní. Ọ̀rọ̀ yẹn kò bá àríyá mu, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn.

Adédèjì kú ní 2018. Ní oṣù kìíní 2025, Málì, Burkina Faso àti Nìjẹ̀ jáde kúrò nínú ẹgbẹ́ náà. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ná Kùtọnu àti Àbíjàn láàárín wa ṣì lẹ́tọ̀ọ́ sí 90 ọjọ́ wọn, owó sì ń jáde lápò wọn lójú ọ̀nà nítorí pé wọn kò mọ̀. Alága, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ wa tẹ òfin yẹn ní Yorùbá, ká pín in ní ọjà.