Ẹja Àrọ̀ Inú Tánńkì: Bí Ọpọlọ Ṣe So Oúnjẹ Mọ́ Ọmọ Bíbí

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé. Ẹni tó bá ń sin ẹja àrọ̀ nínú tánńkì mọ̀ pé òun lè bọ́ abo ẹja títí ikùn rẹ̀ á fi wú, síbẹ̀ kó má yé. Nínú odò, bí òjò bá rọ̀ tí omi kún bo bèbè, ara rẹ̀ á mọ̀ pé àsìkò tó. Nínú tánńkì, àkúnya omi kò sí. Nítorí náà, àwọn olùsìn ẹja á gún un ní abẹ́rẹ́ Ovaprim lálẹ́, wọ́n á sì fún ẹyin rẹ̀ jáde lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì.

Nǹkan méjì ló wà nínú abẹ́rẹ́ yẹn. Èkíní jọ GnRH, họ́mọ̀nù tí ọpọlọ fúnra rẹ̀ ń rán sí pituitary, kókó kékeré tó so rọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Kókó yìí ló ń tú họ́mọ̀nù tó ń mú ẹyin gbó sínú ẹ̀jẹ̀. Èkejì ni domperidone, oògùn tí àwọn dókítà ń fún ẹni tí èébì ń gbé. Nínú ẹja, kẹ́míkà ọpọlọ kan, dopamine, ni kì í jẹ́ kí kókó náà tú ẹrù rẹ̀. Domperidone ló ń mú un kúrò lọ́nà.

Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Andrew Schally àti Roger Guillemin, ló bá ara wọn du àwárí GnRH. Ní 1971 ni àṣírí rẹ̀ tú, látinú ọpọlọ ẹlẹ́dẹ̀ àti ti àgùntàn, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1977. Ẹja ní i, ẹyẹ ní i, èmi àti ẹ̀yin náà ní i.

Ṣùgbọ́n ta ló ń sọ fún GnRH pé oúnjẹ wà nílé? Ẹyin yíyé àti oyún níní ń ná ara ní ohun púpọ̀. Ara kì í dáwọ́ lé e láì bèèrè.

Irú eku kan wà tó ń sanra rọ̀bọ̀tọ̀, àmọ́ tí kì í bímọ. Ní 1994, Jeffrey Friedman àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní New York rí i pé ọ̀rá ara ló ń ṣe họ́mọ̀nù kan, leptin, tó ń lọ sọ fún ọpọlọ pé àká kún. Eku yẹn kò lè ṣe é. Ẹ wò ó dáadáa: àká kún dẹ́nu, ìròyìn ni kò dé ààfin. Ọpọlọ gbà pé ìyàn ti mú. Ó ní kí eku máa jẹun, ó sì ti ilẹ̀kùn ọmọ bíbí. Ní 1996, ní California, Farid Chehab àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fún abo irú eku bẹ́ẹ̀ ní leptin. Wọ́n lóyún, wọ́n sì bí.

Leptin kì í bá GnRH sọ̀rọ̀ tààrà o. Àwọn alárinà ló ń lò. Kisspeptin jẹ́ pàtàkì nínú wọn. Ní 2003 ni wọ́n rí i pé ọmọ tí ibi tí kisspeptin ń bà lé nínú ara rẹ̀ bá bàjẹ́ láti inú oyún wá kì í bàlágà bó ṣe yẹ. Ní Japan, Kazuyoshi Tsutsui àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti rí òdìkejì GnRH ní 2000 nínú ọpọlọ ẹyẹ àparò: GnIH, tó ń fa ọwọ́ ọmọ bíbí sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí i pé ó tún ń mú òròmọdìẹ jẹun sí i.

Adìyẹ tó ń sàba fún ọjọ́ 21 gba ọ̀nà mìíràn. Họ́mọ̀nù prolactin ti gòkè nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, yíyé ti dúró, ó sì ń rù, síbẹ̀ kì í kúrò lórí ẹyin fún ìgbà pípẹ́. Ìyá mi a máa gbé àgbàdo lọ bá tirẹ̀ níbi tó bà sí; ẹyọ mélòó kan ni adìyẹ náà máa ń ṣà.

Ní ti ẹja, inú ẹ̀dọ̀ ni leptin ti ń wá jù, kì í ṣe inú ọ̀rá. Abẹ́rẹ́ Ovaprim kì í dé ibi tí ọpọlọ ti ń bèèrè oúnjẹ. Ilẹ̀kùn ìkẹyìn nìkan ló ń kàn. Ẹyin tí oúnjẹ kò bá tíì kó sínú ikùn ẹja láti ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ sẹ́yìn, abẹ́rẹ́ kò lè ṣe é lóru kan. Mo bẹ̀ yín, kí ẹ tó ra oògùn, ẹ gbé abo ẹja, kí ẹ tẹ ikùn rẹ̀ jẹ́jẹ́ síhà ìdí. Bí ẹyin róbótó bá yọ, tí ọ̀kan kò lẹ̀ mọ́ ìkejì, ó ti tó. Bí kò bá yọ, ẹ dá a padà sómi, kí ẹ máa bọ́ ọ lọ.