Bí Omi Bá Rú Nínú Báàgì

Oníròyìn tó ka ìwé ní pólì ni mí, èmi kì í ṣe dókítà. Ohun tí mo bi àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì ni mo fẹ́ rò fún yín. Ó kàn wá gan-an, torí pé ẹnì kan nínú sẹ́ẹ̀tì wa tó ń gbé ní London ń fi rọ́bà inú ikùn ṣe dayálísíìsì nílé ara rẹ̀. Ó ní kí n sọ ọ́, ṣùgbọ́n kí n má dárúkọ òun.

Ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa mọ̀. Èyí yàtọ̀. Wọ́n á ti rọ́bà rírọ̀ kan bọ inú ikùn, aláìsàn á sì máa gba ibẹ̀ da omi tó ní ṣúgà sínú, bíi lítà 2, nígbà 4 lójúmọ́. Omi náà á fa ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ gba inú awọ fẹ́lẹ́ tó wà nínú ikùn, lẹ́yìn wákàtí mélòó kan á fà á dànù. Henry Tenckhoff ní Seattle, ní Amẹ́ríkà, ló gbé irú rọ́bà tí wọ́n ń lò jù jáde ní 1968.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ọ̀nà tí omi ń gbà wọlé, kòkòrò àrùn lè gbà á. Bí ọwọ́ tí kò mọ́ bá kan ẹnu rọ́bà lẹ́ẹ̀kan péré, ó lè tó. Omi tó yẹ kó tòrò á wá rú bí omidùn ògì. Àwọn nọ́ọ̀sì ní ìdánwò kan tó dùn mọ́ èmi oníròyìn nínú: ẹ gbé báàgì omi náà lé orí ìwé ìròyìn. Bí ẹ bá rí lẹ́tà rẹ̀ kà, ó tòrò. Bí ẹ ò bá rí i kà, ẹ má dúró di àárọ̀, ẹ má sì dà á nù. Báàgì yẹn gan-an ni kí ẹ gbé lọ sí ọsibítù. Inú ríro àti ibà lè wà níbẹ̀, wọ́n sì lè má tíì dé. Bí wọ́n bá tètè fi oògùn sí i, ó sábà máa ń lọ. Ẹni tó bá fi falẹ̀, wọ́n lè ní láti yọ rọ́bà náà, awọ yẹn lè bàjẹ́, ẹ̀mí sì lè bá a lọ.

Bí ojú ibi tí rọ́bà ti jáde bá pọ́n tàbí tó ń ṣọyún, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi àdí pa á. Mo mọ̀ pé àwọn ìyá wa fẹ́ràn àdí.

Ti ìgbẹ́ ló yà mí lẹ́nu jù. Ìgbẹ́ tó há lè ti rọ́bà kúrò ní àyè rẹ̀: omi á wọlé, kò ní jáde. Nígbà mìíràn, ọ̀rá inú ikùn ló wé mọ́ ọn, tàbí kí fọ́nrán funfun bí òwú dí i. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé ayé ló ń ṣe é, ẹ kọ́kọ́ bi í ìgbà tó yàgbẹ́ kẹ́yìn.

Nílé níbí, ọ̀nà yìí ò wọ́pọ̀ fún àgbàlagbà, ṣùgbọ́n ní UCH Ìbàdàn wọ́n ti fi tọ́jú àwọn ọmọdé tí kíndìnrín wọn daṣẹ́ sílẹ̀ lójijì.

Ọ̀rẹ́ wa ń bọ̀ wálé ní Disẹ́mbà. Yàrá kan tó mọ́ ló ń bẹ̀ wá fún níbi ìpàdé: kí á pa fáànù, kí á ti fèrèsé, fún bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ má kan ilẹ̀kùn o, kódà bí ìrẹsì bá ń tutù.