Olè Tí Ń Jí Iná Inú Bátìrì Ọkọ̀ Àtijọ́

Ọ̀pọ̀ onímọ́tò tí ó ní ọkọ̀ àtijọ́ ni ó ti rí ìyọnu yìí. Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ọkọ̀ rìn dáradára. A gbé e sílẹ̀, a sì ti ìlẹ̀kùn rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, onímọ́tò yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì kò dáhùn. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò bá a tì í, ó sì ṣiṣẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ohun kan náà tún ṣẹlẹ̀. Onímọ́tò ra bátìrì tuntun. Kò pẹ́, tuntun náà tún kú. Owó ti ṣòfò, nítorí pé bátìrì kọ́ ni ó jẹ̀bi. Ibì kan wà tí iná ti ń jò lọ nígbà tí gbogbo ènìyàn ń sùn.

Kí a fi ọkọ̀ Volkswagen, tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí Ìjàpá, ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọdún 1975 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í to irú rẹ̀ pọ̀ ní Èkó. Ní ọdún 2003 ni èyí tí ó kẹ́yìn ní gbogbo ayé jáde ní ìlú Puebla, ní ilẹ̀ Mẹ́síkò. Kò sí Ìjàpá kan tí ó ṣẹ́kù tí kò tíì lé ní ogún ọdún, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni rẹ́wáyà mẹ́ta tàbí mẹ́rin sì ti já wáyà rẹ̀ tí wọ́n sì tún un so bí ó ti wù wọ́n.

Ìṣirò díẹ̀ yóò fi ọ̀ràn náà hàn. Bátìrì fólìtì 12 tí a kọ ámpìà-wákàtí 36 sí lára, bí gílóòbù wáàtì 5 péré bá ń tàn lórí rẹ̀ níbi tí ojú kò tó, yóò tán pátápátá ní nǹkan bí wákàtí 86, èyí tí kò pé ọjọ́ mẹ́rin. Sítátà kì í sì í dúró di ìgbà tí yóò tán. Ó ti di aláìlágbára tipẹ́.

Abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ni bátìrì Ìjàpá wà. Kí ẹni tí ó fẹ́ wádìí kọ́kọ́ yẹ ibẹ̀ wò. Bí ìdérí bátìrì bá ti sọnù, tí ẹni tí ó sanra sì jókòó, irin sípíríǹgì ìjókòó lè kan orí bátìrì. Kì í ṣe pé iná yóò jò nìkan, ìjókòó náà lè gbiná. Kí ó nu orí bátìrì pẹ̀lú, nítorí pé ìdọ̀tí tí ásíìdì ti rin a máa gbé iná láti orí kan dé èkejì. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe mu sìgá nítòsí, kí ó sì bọ́ òrùka ọwọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, kí ó pa gbogbo súìṣì, kí ó sì tú wáyà tí ó so bátìrì mọ́ ara ọkọ̀. Òun ni a ń kọ́kọ́ tú, kí sípánà má baà ta iná bí ó bá kan irin. Kí ó fi gílóòbù fólìtì 12 tí a so wáyà méjì mọ́ sí àárín orí bátìrì àti wáyà tí ó tú. Bí gílóòbù bá tàn, olè wà nílé. Ṣùgbọ́n ẹ̀tàn kan wà níhìn-ín tí ó ti mú ọ̀pọ̀ ènìyàn: ìlẹ̀kùn ní láti ṣí kí ọwọ́ tó lè dé bátìrì, ìlẹ̀kùn tí ó ṣí ni ó sì ń tan iná inú ọkọ̀. Kí ó yọ gílóòbù òkè yẹn kúrò ná, kí ó má baà máa lépa olè tí òun fúnra rẹ̀ gbà sílé.

Gílóòbù kì í tàn fún èyí tí ń jò díẹ̀díẹ̀. Mítà ni yóò ka ìyẹn. Ọkọ̀ tí kò ní aago tàbí rédíò kò yẹ kí ó fi ohunkóhun hàn lórí mítà. Mìlíámpìà 50 kò ṣe nǹkan púpọ̀, nítorí pé yóò gba ọgbọ̀n ọjọ́ kí ó tó gbẹ bátìrì tí a ti sọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe yí kọ́kọ́rọ́ nígbà tí mítà wà níbẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ mítà yóò jóná.

Nígbà náà, kí ó máa yọ fíùsì lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí mítà bá wálẹ̀ nígbà tí a yọ ọ́, ọ̀nà rẹ̀ ni olè gbà wọlé. Kí a tẹ̀ lé wáyà rẹ̀ dé òpin, dé fèrè, dé iná ìdádúró. Bí gbogbo fíùsì bá jáde tí mítà kò wálẹ̀, a jẹ́ pé wáyà tí kò gba inú fíùsì kọjá ni. Rédíò tí a so mọ́ bátìrì tààrà jẹ́ ọ̀kan. Èkejì ni ẹ̀rọ kékeré tí ń ṣàkóso dáínámò. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti já iná nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá kú. Bí irin inú rẹ̀ bá lẹ̀ pọ̀, bátìrì yóò máa tú iná padà sínú dáínámò, ó sì lè kú ní òru kan ṣoṣo. Kí ó tú wáyà ńlá tí ó ti bátìrì wá sí ibẹ̀, kí ó má jẹ́ kí ó kan irin. Bí mítà bá bọ́ sí òdo, ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí a bá ti tún ibẹ̀ ṣe, kí a fún bátìrì ní iná títí yóò fi kún, kí a sì fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún òru méjì. Bí ó bá tún rọ, ó lè jẹ́ pé bátìrì náà ti bàjẹ́ nítorí pé ó wà ní òfìfo fún ìgbà pípẹ́, ìgbà yìí ni ó sì tó ra òmíràn.