MÍMÚRA ỌKỌ̀ SÍLẸ̀ DE ỌJỌ́ ÌFẸ̀YÌNTÌ

(Ọ̀rọ̀ tí ọmọ ẹgbẹ́ kan sọ níwájú àwọn ọmọ Yorùbá ní Awkunanaw)

Ìwé mẹ́fà ni mo kà, nítorí náà ẹ má retí ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé lẹ́nu mi. Okùn, tápólì, ìṣó àti àwọ̀n ni mo ń tà, ọmọ Ìlàjẹ sì ni mí. Ohun tí ojú mi rí, tí ọwọ́ mi sì mọ̀, ni n ó sọ.

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìfẹ̀yìntì, mo ní ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi ni n ó sọ. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní òkè àti èédú ló wà ní Enugu, wọ́n ní ojú irin la mọ̀ níbí. Òótọ́ ni. Ní 1909 ni wọ́n rí èédú níbí, ní 1916 sì ni ojú irin láti Port Harcourt dé ibí. Ṣùgbọ́n ibi tí a ti ń jẹun kọ́ ni ibi tí a ti ṣẹ̀ wá. Ilé làbọ̀ sinmi oko, ọ̀nà ilé tèmi sì gba orí omi.

Ẹ wo àwa oníṣòwò. Kò sí ìjọba tó ń san owó ìfẹ̀yìntì fún wa. Ọjọ́ tí a bá ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù pa, ọjọ́ náà ni owó dúró. Nínú ẹgbẹ́ bí irú èyí, a máa ń dáwó láti gbé òkú ẹni wa lọ sílé. Iṣẹ́ rere ni, n kò ní kí a dáwọ́ rẹ̀ dúró. Ṣùgbọ́n ta ló ń dáwó kí ẹnìkan lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé? Inú pósí ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń padà sílé. Èmi kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí mo bá pé ọgọ́ta ọdún, mo fẹ́ fi ṣọ́ọ̀bù lé ọmọ mi lọ́wọ́, kí èmi àti ìyàwó mi fi ọkọ̀ kékeré onígbòkun rin etíkun wa láti ilẹ̀ Ìlàjẹ dé Èkó, kí a kí àwọn ẹbí ní Bàrígà, kí a dé Àgbádárìgì. Bí ara bá sì le, kí a ré kọjá sí Kùtọnú.

Ìdí mìíràn wà. Ẹ ti gbọ́ nípa Ayétòrò, ìlú tí àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní 1947. Wọ́n ń kan ọkọ̀ níbẹ̀, iná mànàmáná sì tàn níbẹ̀ nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ṣì wà nínú òkùnkùn. Lónìí, òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé àti ilé-ìwé ibẹ̀ lọ. Ẹni tí ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ń wọ inú omi kò gbọdọ̀ gbàgbé bí wọ́n ṣe ń tukọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé iṣẹ́ ọmọdé ni. Joshua Slocum, ọ̀gákọ̀ ará Amẹ́ríkà, jẹ́ ẹni ọdún 51 nígbà tó gbéra ní 1895 láti yí ayé ká lóun nìkan. Ó padà dé ní 1898. Ọkọ̀ ògbólógbòó tí wọ́n ti pa tì sínú pápá ló tún kàn fúnra rẹ̀, oṣù mẹ́tàlá ló sì gbà á. Francis Chichester, ará Gẹ̀ẹ́sì, ti pé ọdún 65 nígbà tó parí irú ìrìnàjò yìí ní 1967. Ṣùgbọ́n kí n sọ ọ́ tán: Slocum kan náà tún jáde sójú òkun nígbà tó lé ní ọgọ́ta ọdún, a kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Omi kò mọ olókìkí.

Báwo la ṣe ń múra ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀?

Èkíní ni ara ọkọ̀. Ọkọ̀ tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 25 sí 30 tó ẹni méjì. Kí ìdí rẹ̀ má rì púpọ̀ sínú omi, nítorí iyanrìn pọ̀ lẹ́nu odò wa. Bí ẹ bá fẹ́ ra àlòkù, ẹ má rà á nígbà tó wà nínú omi. Kí wọ́n fà á gòkè, kí ó gbẹ fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ wá fi òòlù kékeré lù ú díẹ̀díẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Igi tó yè ń dún gan-an; èyí tó ti jẹrà ń dún bí àgbá òfìfo. Kòkòrò kan wà nínú omi iyọ̀ tó ń jẹ igi láti inú. Ìta lè máa dán kí inú ti di ihò. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi ọ̀dà tó ní bàbà nínú kun ìdí ọkọ̀. Òwú ni wọ́n ń gún sáàárín pákó, kí wọ́n tó fi ọ̀dà dúdú dí i. Ní ti ìṣó, èmi tí mo ń tà á ni mo ń sọ fún yín: ìṣó lásán tí káfíńtà fi ń kan àga, iyọ̀ kì í pẹ́ jẹ ẹ́ tán. Ìṣó bàbà ni kí ẹ béèrè, tàbí èyí tí wọ́n fi síǹkì bò.

Èkejì ni ìgbòkun, okùn àti ìdákọ̀ró. Kí ìgbòkun pé méjì, kí ó ní okùn tí a fi ń ká a kéré bí afẹ́fẹ́ bá le, kí abẹ́rẹ́ ńlá àti òwú tó yi wà nílẹ̀. Tápólì tí mo ń tà dára fún bíbo ẹrù, kò dára fún ìgbòkun ọ̀nà jíjìn, torí òòrùn máa ń gbó o. Mo mọ̀ pé ọjà ara mi ni mo ń bà jẹ́! Ẹ fi ẹ́ńjìnnì kékeré kún un, nítorí afẹ́fẹ́ lè kú. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ẹ̀mí yín lé e lọ́wọ́: epo lè tán, koríko orí omi tó wọ ọ̀sà wa ní 1984 sì lè wé mọ́ ọn. Ìdákọ̀ró gbọ́dọ̀ jẹ́ méjì. Kí okùn rẹ̀ gùn ní ìlọ́po márùn-ún sí méje ju bí omi ṣe jìn tó. Bí omi bá jìn ní ẹsẹ̀ bàtà 10, ẹ tú okùn 50 sí 70 sílẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìdákọ̀ró á máa fà nílẹ̀ nígbà tí ẹ bá sùn.

Ẹ̀kẹta ni omi mímu àti oúnjẹ. Lítà mẹ́rin fún ẹnìkan lóòjọ́ ni kí ẹ fi ṣírò. Ẹni méjì fún ọjọ́ mẹ́wàá, lítà 80 nìyẹn. Ẹ pín in sínú kẹ́ẹ̀gì púpọ̀, kí ọ̀kan má baà jò kí gbogbo rẹ̀ dànù. Gààrí, ẹja gbígbẹ, ẹ̀pà, epo àti iyọ̀ kì í tètè bàjẹ́. Ìṣáná, ẹ kó o sínú agolo tó ní ìdérí.

Ẹ̀kẹrin ni ẹ̀mí wa. Ẹ̀wù tó ń léfòó, ara là ń wọ̀ ọ́ sí. Ẹ má fi ṣe ìrọ̀rí. Korobá tí a fi ń gbọ́n omi, tọ́ọ̀ṣì, fèrè, kọ́mpáàsì àti rédíò ojú omi, kí wọ́n wà nítòsí ọwọ́. Tẹlifóònù kò tó, torí bí ẹ bá jìnnà sí ilẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á lọ. Kí oògùn ibà àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wà nínú àpótí.

Ẹ̀karùn-ún ni ìgbà. Nígbà òjò, ìgbì etíkun wa kò ṣeé bá ṣeré. Nígbà tí òjò bá ń bẹ̀rẹ̀ àti nígbà tó bá ń parí, ìjì òjijì máa ń ti ìlà-oòrùn wá. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló rọrùn jù, ṣùgbọ́n eruku ọyẹ́ lè bo etíkun mọ́ wa lójú. Ìṣàn òkun wa ń lọ sí ìlà-oòrùn, nítorí náà ẹni tó ń ti Ìlàjẹ lọ sí Èkó ń bá omi jà, ẹni tó ń bọ̀, omi ló ń gbé e. Ẹ fi oúnjẹ kún ti àlọ. Ìdájí ni kí ẹ gbéra, nígbà tí afẹ́fẹ́ ń ti orí ilẹ̀ fẹ́ sí òkun. Ẹnu odò, ojúmọmọ ni kí ẹ wọ̀ ọ́, nígbà tí omi bá ń kún, lẹ́yìn tí ẹ bá ti bi àwọn ará ibẹ̀ léèrè. Bí òkun bá sì kọ̀, ẹ má jà: ọ̀nà ọ̀sà wà láti ilẹ̀ Ìlàjẹ gba Ẹ̀pẹ́ dé Èkó.

Ẹ̀kẹfà ni ìwé. Àdéhùn ECOWAS ti 1979 fún wa láyè láti lo 90 ọjọ́ láìgba físà, ṣùgbọ́n ẹ mú ìwé ìrìnnà àti káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, kí ẹ sì fi ara hàn fún àwọn aṣọ́bodè.

Èkeje, tó ju gbogbo rẹ̀ lọ, ni ara tí yóò tu ọkọ̀ náà. Ẹ lọ yẹ ojú àti ẹ̀jẹ̀ wò. Ẹ fi ọjọ́ kan dánra wò lórí ọ̀sà, kí ó di ọjọ́ mẹ́ta, kí ó di ọ̀sẹ̀ kan. Kí ìyàwó náà mọ bí wọ́n ṣe ń di ìtọ́kọ̀ mú àti bí wọ́n ṣe ń ju ìdákọ̀ró, torí ọkọ tó ń tukọ̀ lè ṣàìsàn.

Ẹ̀yin ará mi, ó lè jẹ́ oko kòkó ló wà lọ́kàn yín, tàbí iṣẹ́ adìyẹ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bákan náà ni: ẹ lù ú wò, ẹ dí ibi tó ń jò, ẹ mọ ìgbà, ẹ fi díẹ̀ dánra wò kí ọjọ́ tó pé. Ẹni tó bá dúró di ìgbà tí orúnkún bá ń dùn ún ti pẹ́ jù. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Mo wá dá a lábàá pé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó òkú, kí ẹgbẹ́ wa dá àjọ mìíràn sílẹ̀, àjọ ààyè, tí ọmọ ẹgbẹ́ tó bá pé ọgọ́ta ọdún yóò kó láti fi bẹ̀rẹ̀ nǹkan nílé. Èmi ni n ó kọ́kọ́ dá tèmi. Ẹ jẹ́ kí a máa jó sin ara wa dé gáréèjì, kí a máa juwọ́ síra wa.

Kí Olúwa fi ẹ̀mí gígùn àti àlàáfíà jíǹkí àwa àti àwọn onílé wa ní Awkunanaw. Kí ilé má jìnnà sí wa o.